Ọmọ Tí Ìwé Èsì Ní Kò Wá

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ fa ìjókòó sún mọ́ wa. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, kó yáa dín iná rẹ̀ kù, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè mú un gbàgbé ìkòkò.

Ọdún kẹrin tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, wọ̀lú ni. Ìjọba ṣọ́jà là ń ṣe, àwọn ilé-iṣẹ́ tó tò láti Ìkẹjà dé Agége sì ń dá òṣìṣẹ́ padà sílé ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó ti máa ń kùn láti àárọ̀ wá ń dákẹ́ lójijì, ìdákẹ́jẹ́ náà á sì máa dún létí èèyàn ju ariwo lọ.

Níwájú ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ ni Màmá Oníbúrẹ́dì ti ń tajà. Ojúọlápé ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ ẹni tó bá fi orúkọ yẹn wá a ní àdúgbò, ẹsẹ̀ olúwa rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó sanra, ohùn rẹ̀ sì ga. Bó bá rẹ́rìn-ín ní Agége, àwọn ará Ògbà á béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ tóbi débi pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀: "Ẹ rọra dúró o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá yí padà lójijì, mo lè gbá ẹni mẹ́ta sínú gọ́tà."

Gọ́tà náà kì í sì í ṣe ibi téèyàn ń fẹ́ wọ̀. Omi aró ilé-iṣẹ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá, lónìí pupa, lọ́la búlúù.

Ọjọ́ Ajé kan ni èsì ìdánwò àwọn ọmọ ìwé kẹfà jáde, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ ilé-ìwé girama. Òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì. Màmá Oníbúrẹ́dì pa ọjà tì, ó gba ilé-ìwé lọ pẹ̀lú Damaris, ìyàwó ọmọ rẹ̀, nítorí Tẹniọlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe é.

Ọ̀gá ilé-ìwé ń pín ìwé péńpé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀. Bí ìwé Tẹniọlá ṣe kàn, Damaris gbà á, ó kà á, ó sì ká a mọ́wọ́.

"Kà á sókè," Màmá ní. "Kà á kí n gbọ́, kí n lè mọ ibi tí mo ti máa jó."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká délé ná."

"Délé kẹ̀? Ṣé ilé ni wọ́n á ti bá mi yọ̀?"

Damaris tún ìwé náà ṣí. "Orúkọ rẹ̀ wà níbí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà níbí. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí wọ́n kọ máàkì sí, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n kọ. A, B, S. Níwájú Gẹ̀ẹ́sì, A, B, S. Níwájú ìṣirò, A, B, S."

"A wà níbẹ̀, àbí?" Màmá ti ń gbé apá sókè. "A kì í ṣe ohun búburú! Ó gba A, ó gba B, èyí tó kù la ò mọ̀!"

Ọ̀gá ilé-ìwé bojú wò ó láti ẹ̀yìn tábìlì. "Màmá, ẹ má bínú. Ohun tí lẹ́tà yẹn ń sọ ni pé ọmọ yín ò wá ṣèdánwò."

"Ta ni ò wá? Èmi! Èmi tí mo mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ṣe é ní Ògbà, tí mo jókòó sí ìdí ògiri láti àárọ̀ títí wọ́n fi jáde, tí ìdí mi kú, tí mo fi ń fọwọ́ gbá a bóyá ó ṣì wà lára mi!"

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò sí ní Ògbà lọ́jọ́ náà, àwọn tíṣà láti ibòmíràn ni wọ́n ṣọ́ ìdánwò.

Obìnrin kan ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́:

"Bí ìwé bá ní ọmọ ò wá, tí Màmá sì mú ẹnì kan bọ̀ wálé... ta ni Màmá mú bọ̀?"

Ẹ̀rín dá. Gbogbo ojú yí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tẹniọlá ló dúró síbẹ̀ nínú yúnifọ́ọ̀mù rẹ̀, omi ń kán láti etí páànù níwájú rẹ̀ bíi kọ́tìnnì, èèyàn ò lè rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí Olúgbénró, bàbá Tẹniọlá, ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí ẹ̀rọ ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ, ó sì ní ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀rọ ju nínú èèyàn lọ.

"Tẹniọlá, ǹjẹ́ o ṣèdánwò yìí?"

"Mo ṣe é, Dádì."

"Kọ̀ǹpútà ní o ò ṣe é. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ẹ́ rí, kò sì bá ẹ jà. Kí ló fẹ́ parọ́ mọ́ ẹ sí?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo wà níbẹ̀, sà."

Wọ́n pe Màríàm, ọmọ ilé kejì tí wọ́n jọ lọ. Màríàm gba àádọ́rin nínú ìṣirò, ayọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Olúgbénró bi í pé ṣé ó rí Tẹniọlá nínú yàrá ìdánwò.

Màríàm ronú. "Mi ò rí i, sà. Mo wo gbogbo yàrá. Mi ò rí i rárá."

Ìgbà yẹn ni Màmá Oníbúrẹ́dì rántí bàtà. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Gbogbo ọmọ tó jáde ní géètì ilé-ìwé Ògbà ló ti tẹ ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Tẹniọlá nìkan ni bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Màmá ti fi í yangàn nígbà náà. Ọwọ́ ọmọ náà sì tutù lọ́jọ́ yẹn, tutù bí ẹja tó ti inú yìnyín jáde, kò sì fọhùn láti Ògbà títí wọ́n fi délé.

Ara Màmá bù máṣọ.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ. Òun tó ti máa ń fi èjìká Tẹniọlá ṣe ìrọ̀rí lórí bẹ́ǹṣì, báàgì búrẹ́dì ló ń gbé sáàárín àwọn méjèèjì báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó díbọ́n bí ẹni tí abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè wò ó bóyá ẹsẹ̀ ọmọ náà kanlẹ̀. Ó kanlẹ̀. Bíbẹ̀rẹ̀ rọrùn, dídìde ni kò rọrùn. Tẹniọlá yìí kan náà ló fà á dìde.

"Màmá, kí lẹ̀ ń wá?"

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Mò ń kí ilẹ̀ ni."

Ọjọ́rú ni ẹ̀rù wá bà á gan-an. Fèrè ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dún fún agogo méjìlá ọ̀sán ni, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Tẹniọlá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Màmá wà nínú yàrá, ó fẹ́ kó bá òun mú ṣíbí wá.

"Tẹniọlá!"

Kò sí ìdáhùn.

"Tẹniọlá o!"

Omi ń dà ṣàà. Màmá yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ náà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó gbọ́, tó tún ń fetí sílẹ̀ kó tún gbọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ pa pọ̀ gbáá. Ó ń mì orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ ohun kan fún ẹnì kan tí a ò rí.

Màmá pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ ò dáhùn. Àfìgbà tí Màmá rọra jáde tó dúró síwájú rẹ̀ ló tó gbójú sókè, tó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ káàsán."

Damaris náà dán an wò lálẹ́ ọjọ́ náà látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Olúgbénró pè é láti ìta. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ti fojú rí, Tẹniọlá kì í dá a lóhùn. Wọ́n wá rántí pé láti ọjọ́ ìdánwò ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, etí dídi ọmọdé ni wọ́n pè é. Damaris bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ wọn wọlé bí Tẹniọlá bá jáde.

Lọ́jọ́bọ̀, Olúgbénró mú Wòlíì Job wá, ọkùnrin kan tó ní ilé àdúrà lẹ́yìn rélùwéè. Wòlíì gba ìwé èsì, ó gba fótò pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ káàdì ìdánwò. Iná fótò ti pa ojú ọmọ náà níbẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ funfun báláú, kò sí dúdú rẹ̀ rárá. Wòlíì wò ó pẹ́.

"Èyí tó wọ yàrá ìdánwò," ó ní, "kò tíì jáde. Èyí tó tẹ̀lé yín wálé lẹ̀ ń bọ́."

Damaris gba fótò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ mú un wá lọ́la. Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Omi nìkan. A óò de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó, kó má bàa sá padà síbi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ ìwé, ẹ jẹ́ ó dúró ná."

Olúgbénró mi orí pé ó dára. Wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá dúró níbi iṣẹ́ rẹ̀. Owó ilé-ìwé girama ti ń wúwo lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Damaris ní, "Dádì Tẹni, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni." Olúgbénró ti dìde lọ wá ẹní.

Tẹniọlá wà nínú ọ̀nà tó gba àárín ilé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé wá, ó dúró síwájú Màmá.

"Màmá, ṣé wọ́n máa dè mí ni?"

Màmá, tó máa ń ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu fún ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ lójúmọ́, ní kó lọ sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jáde. Olúgbénró ru ẹní, Damaris gbé aṣọ funfun, Màmá di ọmọ mú lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọ náà tún ti tutù. Iwájú géètì ilé-iṣẹ́ aṣọ ni ọ̀nà gbà, ibẹ̀ ni Tíṣà Olúfọlákẹ́ dúró sí nínú ìrì, tó ń wojú ọ̀nà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé kan ní Ìfàkọ̀, kò sì sí ọdún kan tí wọn kì í mú un lọ ṣọ́ ìdánwò. Àràárọ̀ ló ń ra búrẹ́dì kó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Màmá, búrẹ́dì mi dà? Ebi fẹ́ẹ̀ pa mí kú síbí!"

"Tíṣà, kò sí búrẹ́dì lónìí. A ń gbé ọmọ lọ."

"Lọ síbo?"

Olúgbénró ń ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀ pé kó dákẹ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹnu Màmá ti ṣí, ó sì rọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí lẹ́tà mẹ́ta títí dé orí òpó Wòlíì. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú ìwé èsì wá. Ó ka iwájú rẹ̀, ó wá yí i padà.

"Ta ló ka ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn kẹ̀?" Damaris ní. "Ṣé ẹ̀yìn ní nǹkan ni?"

Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, wẹ́wẹ́ bí ìrìn èèrà. Tíṣà ò tíì kà á fún wọn. Ó ká ìró rẹ̀, ó lóṣòó síwájú ọmọ.

"Tẹniọlá, yàrá wo lo wà?"

"Yàrá kejì, mà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé."

"Màríàm ńkọ́?"

"Yàrá kìíní, mà. Nọ́ńbà ni wọ́n fi pín wa."

Màmá wo Olúgbénró. Olúgbénró wo ilẹ̀.

"Bàtà rẹ ńkọ́?" Màmá já lu ọ̀rọ̀. "Bàtà tí kò ní ẹrẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní bàtà tuntun ni, kí n má jẹ́ kó kan omi. Mo bọ́ ọ sínú ọ̀rá. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín ni mo fi omi òjò tútù fọ ẹsẹ̀, tí mo wọ̀ ọ́."

Tíṣà gbé ọwọ́ sókè kí Màmá dákẹ́ ná. "Kí wọ́n tó pín ìwé ìdánwò, tíṣà ibẹ̀ mú rẹ́jísítà, ó ń pe orúkọ yín níkọ̀ọ̀kan. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó pe tìẹ?"

"Ó pè é. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí lo wí?"

Tẹniọlá ò wo Tíṣà mọ́. Màmá ló ń wò.

"Mi ò dáhùn, mà."

"Kí ló dé?"

Omijé ti dé ojú ọmọ. "Màmá ló ní kí n má dáhùn. Wọ́n ní ibi tí à ń lọ, a ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ pọ̀ níta, pé bí ẹni tí mi ò mọ̀ bá pe orúkọ mi àti orúkọ bàbá mi, kí n pa ẹnu mọ́, torí ẹni tó bá dáhùn ni wọ́n ń rí gbé lọ. Bí mi ò bá sì rí ojú ẹni tó pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn ará ilé, kí n má dáhùn, torí wọ́n lè fi ohùn ẹni jọ ẹni. Wọ́n ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí àwọn á fi ní ó tó." Ó fi ọwọ́ nu imú. "Wọn ò tíì ní ó tó."

Ọkọ̀ ńlá kan kọjá.

Màmá Oníbúrẹ́dì jókòó. Kò wá bẹ́ǹṣì, ilẹ̀ tútù ló jókòó sí. Ó di orí mú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n, wọ́n rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà ń ti ikùn bọ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

"Háà! Èmi ni! Èmi ni àjẹ́ náà! Ẹ sáré wá wo àjẹ́, ó sanra, ó ń ta búrẹ́dì! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ṣọ́ ọmọ bíi pọ́lìísì, èmi sì ni mo ti ẹnu rẹ̀ pa, mo gbé kọ́kọ́rọ́ mì!"

Ó na ọwọ́. Tẹniọlá wá sí àyà rẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Ara ọmọ náà gbóná, òórùn ọṣẹ wà lára rẹ̀, ó wúwo bí ọmọ èèyàn.

"Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà..." Olúgbénró bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Tẹniọlá," Tíṣà ní, "kọ̀ǹpútà ò ní ojú. Èèyàn ló pe orúkọ, kò gbọ́ ohùn, ó fa ìlà pupa. Ìlà pupa yẹn ni wọ́n kó fún kọ̀ǹpútà, òun ló sì tẹ̀. Ó yẹ kí tíṣà yẹn ka orí àwọn ọmọ, kò kà á. Ìwé tí ọmọ yín kọ wà níbì kan. Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn èsì yìí: òbí tó bá ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ mú un wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá sí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín. Òní di ọjọ́ kọkànlá. Ọjọ́ Ajé ló parí. Ọjọ́ mélòó ni Wòlíì ní kí ẹ fi de ọmọ?"

Damaris ló dáhùn. "Mọ́kànlélógún."

Olúgbénró sọ ẹní kalẹ̀.

Wòlíì Job retí wọn lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọn ò dé, ó ránṣẹ́. Màmá ní kí wọ́n bá òun kí i, kí wọ́n sọ fún un pé ọmọ ti jáde nínú yàrá ìdánwò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde.

Lọ́jọ́ Ajé tí ọjọ́ pé gan-an, Màmá àti àwọn òbí Tẹniọlá mú un lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìdánwò náà ní Ìkẹjà, nínú ilé gígùn kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Tíṣà Olúfọlákẹ́ ti kọ ohun tí wọ́n máa mú dání fún wọn: káàdì ìdánwò, ìwé èsì, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Shuaib gbà wọ́n. Ó tinrín, ohùn rẹ̀ kéré, eruku wà lórí irun rẹ̀ bí ewú. Ó ní kí Màmá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ tán, ó kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá tẹ ìka sí i.

"Ẹ fi kún un pé mo jẹ̀bi," Màmá ní. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà."

Ọ̀gbẹ́ni Shuaib kó wọn wọ yàrá ìwé. Òkùnkùn díẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Pẹpẹ ìwé ga dé àjà, ọ̀nà àárín wọn há bíi ti ibojì, òórùn ìwé àtijọ́ àti eku sì gba ibẹ̀ kan. Ó wọ inú rẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ ọ mọ́.

Ó pẹ́.

Ohùn kan wá jáde láti ibi tí a ò rí, jínnà, tinrín:

"Tẹniọlá Adésànyà."

Ọmọ náà le gbagidi. Ètè rẹ̀ pa pọ̀.

"Tẹniọlá Adésànyà."

Ara Màmá fúnra rẹ̀ ṣe gììrì, irun ọwọ́ rẹ̀ dìde. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí.

"Dáhùn, ọmọ mi. Ó tó. Mo ní ó tó."

"Mo wà níbí, sà!" Tẹniọlá kígbe, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá náà kọjá, eruku já bọ́ láti orí pẹpẹ.

Ọ̀gbẹ́ni Shuaib yọ pẹ̀lú ìwé méjì. Orúkọ wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà wà lórí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fi bírò pupa kàn án. Ó ní kí ọmọ kọ ìlà méjì síwájú òun, ó fi wọ́n wé ara wọn. "Ọwọ́ kan náà ni," ó ní. "A óò máàkì ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń jáde ni Màmá rí àpò kan ní kọ̀rọ̀. Àpò ìrẹsì ńlá ni, ó kún débi pé ẹnu rẹ̀ ò pa dé.

"Alàgbà, kí ló wà nínú eléyìí?"

"Ìwé àwọn ọmọ bíi tiyín, Màmá. Wọ́n ṣèdánwò, rẹ́jísítà ní wọn ò wá. Ti ọdún yìí, ti èṣí. Ẹnikẹ́ni ò wá béèrè wọn."

"Àwọn ọmọ náà dà?"

Ọ̀gbẹ́ni Shuaib gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀. "Ta ló mọ̀?"

Màmá dúró síwájú àpò náà. Ìwé òkè fi ara rẹ̀ dìde díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó tún sùn, bí ohun tó ń mí. Ó rò nípa àwọn tí wọ́n ti lù. Ó rò nípa àwọn tí wọ́n ti rán lọ kọ́ṣẹ́, àti èyí tó ṣeé ṣe kó wà nídìí òpó ní wákàtí yẹn, tí wọ́n ń bi í pé ta ni ẹ́. Kò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dé Agége.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì Tẹniọlá jáde. Ó gba mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ìṣirò, méjìdínláàádọ́ta nínú Gẹ̀ẹ́sì. Olúgbénró tún ti ń fajúro. "Màríàm gba àádọ́rin. Méjìdínláàádọ́ta! Kò tiẹ̀ pé ìdajì."

Tíṣà Olúfọlákẹ́ wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ta ló ní ìdajì ni wọ́n ń wò? Wọ́n pa àpapọ̀ máàkì pọ̀ ni, wọ́n sì ní iye tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń gbà. Tẹniọlá kọjá iye ti girama tó wà nítòsí yín. Ó ti wọlé! Ohun tí méjìdínláàádọ́ta ń sọ fún yín ni pé kí ẹ jẹ́ kó máa ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sí yín létí nírọ̀lẹ́. Kò sọ irú ọmọ tó jẹ́. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n bi í."

"Ó ti wọlé?" Màmá béèrè.

"Ó ti wọlé, Màmá."

Màmá Oníbúrẹ́dì yí padà lójijì láti jó. Ọlọ́run ló yọ àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí o. Bí èsì ìdánwò ọmọ yín bá dé, ẹ ka iwájú, ẹ yí i, ẹ ka ẹ̀yìn. Lẹ́tà tí ẹ ò bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ má fún un ní ìtumọ̀ láti inú ìbẹ̀rù yín, àti pàápàá láti ẹnu aládùúgbò. Tíṣà ni kí ẹ lọ bá. Ẹ gbàdúrà bó bá wù yín, ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ má gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni de ọmọ tàbí kó febi pa á nítorí bébà.

Kí ọmọ tó lọ, ẹ sọ fún un bí ibẹ̀ ṣe ń rí: wọn á pe orúkọ rẹ̀, kó dáhùn sókè, kó rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó jókòó. Ẹ kìlọ̀ fún un nípa gbọ́mọgbọ́mọ, ó dára, àmọ́ ẹ sọ ibi tí ìkìlọ̀ náà parí sí fún un. Ẹ pa káàdì ìdánwò mọ́. Bí máàkì bá kéré, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó gbé igi, ẹ má sì fi ọmọ tiyín wé ti ará ilé kejì.

Kí ẹ tó bi ìwé léèrè, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í, kí ẹ sì dúró títí ó fi dáhùn. Bó bá ní òun wà níbẹ̀, ẹ múra, ẹ gba ọ́fíìsì lọ láìjẹ́ kí ọjọ́ pé. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò wá béèrè, inú àpò ló ń wà.